Bàálù Ń Fò Lókè, Omi Kò Sí Ní Ìsàlẹ̀

Bí ènìyàn bá dúró ní Mafolúkù ní àfẹ̀mọ́júmọ́, yóò rí bàálù ńlá lójú ọ̀run bí ó ti ń bọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed. Bí ó bá sì rẹ ojú rẹ̀ wálẹ̀, yóò rí àwọn ọmọdé tí wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì lérí, tí wọ́n ń lọ ra omi ní ilé ẹni tí ó lówó gbẹ́ bóòhólù. Ohun ìyanu òkè àti ìyà ìsàlẹ̀ wà lójú kan náà. Èwo nínú méjèèjì ni kí a pè ní ọ̀làjú?

Lójú tèmi, ohun tí ó ń lọ lókè orí ènìyàn kọ́ ni a fi ń wọn ọ̀làjú. Ohun tí olówó àti tálákà jọ ń lò ni òṣùwọ̀n rẹ̀: omi, iná, ọ̀nà, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn. Ní ọjọ́ tí olúkúlùkù bá ń gbẹ́ omi tirẹ̀, tí ó ń tan iná tirẹ̀, tí ó ń gba ọdẹ tirẹ̀, tí ó sì ń fi owó ara rẹ̀ da yanrìn sí ojú ọ̀nà, ilé kọ̀ọ̀kan ti di ìjọba, ìlú sì ti tú. Èyí ni àmì ìbàjẹ́ tí mo fẹ́ kí a fiyè sí.

Ẹ jẹ́ kí a rántí. Kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni agbègbè Ìkejà wà. Ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kínní 1955. Epo rọ̀bì kọ́ ni a fi san owó rẹ̀. Kòkó àti owó orí àwọn baba wa ni. Wọn kò lówó tó wa, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé ọmọ ẹnìkan kì í ṣe ọmọ ẹnìkan ṣoṣo.

Kí ni a ń rí lónìí? Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, náírà kan níye lórí ju dọ́là Amẹ́ríkà kan lọ. Nígbà tí 2024 fi parí, dọ́là kan ti ju 1,500 náírà lọ. Ní oṣù Karùn-ún 2023 ni a fagi lé owó ìrànwọ́ orí epo. Kí oṣù náà tó parí, lítà kan ti kúrò ní bíi 185 náírà sí 488 ní Èkó. Ní oṣù Keje 2024, a sọ owó oṣù tí ó kéré jù lọ di 70,000 náírà, owó tí kò lè ra àpò ìrẹsì oníkílógíráàmù 50 kan ní ọjà nígbà náà. Ilé iṣẹ́ Dunlop ní Ìkejà kò ṣe táyà mọ́ láti 2008. Ní Ìsọlọ̀, orúkọ ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ni ọjà Aswani ń jẹ́. Lónìí, òkìríkà tí àwọn ará òkè òkun bọ́ sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń lọ ṣà níbẹ̀. Ibi tí a ti ń hun aṣọ rí ni a ti ń ra àlòkù.

Ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ náà ń jìyà. Nítorí pé iná ìjọba kò ṣeé gbára lé, tí gbogbo ẹ̀rọ iná orílẹ̀-èdè sì dákú lọ́pọ̀ ìgbà ní 2024, jẹnẹrétọ̀ ń kùn ní ẹ̀yìnkùlé gbogbo. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ariwo àti èéfín jẹnẹrétọ̀ ni hẹ̀rẹ̀-huru tiwa. Ọ̀rá omi tútù dí gọ́tà. Bí òjò bá rọ̀, ìdọ̀tí a bá wa wọlé. Ní oṣù Kínní 2024 ni ìjọba Èkó fi òfin de abọ́ fúnfun tí a fi ń gbé oúnjẹ, ṣùgbọ́n òfin kì í gbálẹ̀. Ènìyàn ni í gbálẹ̀.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti àwọn ọmọ wa. Odi pápákọ̀ kò jìnnà sí wa, ibẹ̀ sì ni nọ́ọ̀sì, dókítà àti olùkọ́ ń gbà lọ. Èmi kò bú wọn. Ẹni tí ebi ń pa kì í gbọ́ ìwàásù. Ṣùgbọ́n bàbá tí ó ta ilẹ̀ kí ọmọ lè lọ, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀ ní ọjọ́ ogbó?

Ẹnìkan lè bi mí pé: ṣé ìwọ kò rí ibùdókọ̀ ńlá tí a ṣí ní Òṣòdì ní 2019 ni? Ṣé ìwọ kò rí ọkọ̀ ojú irin Agbádó sí Oyíngbò, tí ó ń gba Òṣòdì kọjá, tí a ṣí ní 2024? Mo rí wọn, mo sì yìn wọ́n. Àwọn gan-an ni ẹ̀rí mi, nítorí wọ́n fi hàn pé bí a bá pinnu láti ṣe ohun àjùmọ̀ní, ó ṣeé ṣe. Nítorí náà, èmi kò gbà fún àwọn tí ń wí pé òpin ayé ni ó dé, kí a ká ọwọ́ lẹ́rán. Ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ọwọ́ ènìyàn ni ó bà á jẹ́. Ọwọ́ ènìyàn ni yóò tún un ṣe.

Kí ni kí a ṣe? Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sí ọwọ́ wọn tààrà. Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ilé ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ pẹ̀lú sùúrù àti ọ̀wọ̀, kí a béèrè pé: èló ni ó wọlé, gọ́tà wo ni ẹ fi ṣe, omi wo ni ẹ fà? Kí onílé àti ayálégbé jọ yan ọjọ́ kan lóṣù láti kó gọ́tà. Kí ẹgbẹ́ wa náà má ṣe rò pé òun mọ́. A ti pín ìrẹsì àti owó fún àwọn olùdìbò rí. Ẹni tí ó fi oúnjẹ ọjọ́ kan ra ìbò ọdún mẹ́rin kò lè dá ẹlòmíràn lẹ́jọ́. Mo wí i, mo sì mọ̀ pé inú àwọn aṣáájú mi kò ní dùn.

Agbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Bàálù yóò máa fò lókè. Ìgbà tí ọmọ Mafolúkù bá ṣí ẹ̀rọ nínú ilé baba rẹ̀ tí omi sì yọ ni a ó tó lè sọ pé ọ̀làjú ti dé àdúgbò wa.

Akọ̀wé Ìpolongo