Ibi-Ọmọ Tó Wà Lẹ́nu Iṣẹ́ àti Ojúṣe Olùkọ́ Yorùbá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òwe yìí bá ìmọ̀ nípa ibi-ọmọ mu gan-an, nítorí pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti parí ni ojú àwọn onímọ̀ tó ń tó o. Lẹ́yìn tí ọmọ bá ti bọ́ sáyé ni olóbi ń jáde. Nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n á fi ọ̀wọ̀ rì í mọ́lẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó jáde tán. Ohun tó fi oṣù mẹ́sàn-án ṣe ti di ìtàn. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé wíwo ibi-ọmọ lára ẹranko tó wà láàyè, nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, jẹ́ ìmọ̀ tó yẹ kí olùkọ́ Yorùbá ní, kí ó sì lè fi Yorùbá tó dán mọ́rán ṣàlàyé rẹ̀, nítorí pé ó kan ẹ̀mí aboyún.

Ibi-ọmọ ni ó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, kídìnrín àti ìfun fún ọlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ìyá ń ṣàn yí i ká, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ń gba okùn ìwọ́ wọ inú rẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ méjèèjì kì í dà pọ̀. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà láàrin wọn, tí atẹ́gùn àti oúnjẹ ń gbà kọjá sí ọmọ, tí ìdọ̀tí sì ń gbà padà sí ìyá. Nígbà tí oyún bá gbó, ó máa ń wọ̀n tó ìwọ̀n gíráàmù 500.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí kọ́ lára ibi-ọmọ tó ti jáde. Ní òpin àwọn ọdún 1960, Percy Nylander àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ibi-ọmọ àwọn ìbejì wò ní Ìbàdàn láti mọ irú ìbejì tí wọ́n jẹ́. Ní ọdún 1996, Michal Fried àti Patrick Duffy fi ibi-ọmọ àwọn obìnrin Kẹ́ńyà ṣàwárí pé kòkòrò àrùn ibà ní ohun kan tó ń dì mọ́ nínú ibi-ọmọ. Ṣùgbọ́n ibi-ọmọ tó ti jáde kò lè fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn han ẹnikẹ́ni, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ti dúró.

Ní ọdún 1958, Ian Donald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Glasgow kéde bí ìgbì ìró ṣe lè ya àwòrán inú ikùn. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ skáànù ti ń tàn kálẹ̀. Skáànù lè fi ibi tí ibi-ọmọ lẹ̀ mọ́ hàn, ó sì lè wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú okùn ìwọ́, àmọ́ kò lè fi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo hàn. Iṣẹ́ yìí ni àwọn onímọ̀ kan láti Oeiras ní ilẹ̀ Pọtogí gbé ṣe. Ní ọdún 2013, wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde nínú èyí tí wọ́n ti wo ibi-ọmọ eku tó lóyún, tó sì ní ibà, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú rẹ̀. Wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn bákan náà níbi gbogbo. Níbi tí ó bá ti ń rọra ṣàn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò ibà ti wọ̀ ń péjọ sí, tí wọ́n sì ń rí àyè dì mọ́ ara ibi-ọmọ.

Kí ni èyí kan Joju àti àwọn àdúgbò Sango-Ọ̀tà mìíràn tí ilé iṣẹ́ yí ká? Ó kàn wọ́n púpọ̀. Kòkòrò ibà lè fara pamọ́ sínú ibi-ọmọ, kí ara ìyá má gbóná, kí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà ní ìka rẹ̀ má sì fi nǹkan kan hàn. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀ fún ìyá, tí ọmọ sì lè kéré jù nígbà ìbí. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí aboyún ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí ibà ti gbilẹ̀ máa lo oògùn sulfadoxine-pyrimethamine láti oṣù kẹrin oyún, ó kéré tán ìgbà mẹ́ta, kí ó tó oṣù kan láàrin lílo kan sí òmíràn, àyàfi ẹni tí elétò ìlera bá ní kò yẹ fún. Obìnrin tó ń jí lọ sí ilé iṣẹ́ ní ìdájí, tó sì ń sọ pé, “Ibà kò mú mi, kí ni mo fẹ́ fi oògùn ṣe?”, kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹni tí yóò ṣàlàyé ohun tó fara sin fún un ní èdè tó yé e ni kò rí.

Àwọn kan yóò ní ìkà ni kí a la ikùn eku aláboyún nítorí ìwádìí. Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹranko náà ń jìyà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀mí rẹ̀ tàfàlà. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a kan sáárá sí ọgbọ́n ayàwòrán tí kì í la ikùn, bíi skáànù àti ẹ̀rọ alágbára òòfà tí wọ́n ń pè ní MRI, tó ń jẹ́ kí wọ́n lè wo ẹranko kan náà léraléra dípò pípa ọ̀pọ̀. Àwọn mìíràn yóò ní eku kì í ṣe ènìyàn. Òótọ́ ni. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni oyún eku, irú kòkòrò ibà tí wọ́n fi sí i lára sì yàtọ̀ sí ti ènìyàn. Ibi-ọmọ àgùntàn tilẹ̀ tún yàtọ̀ sí méjèèjì, nítorí pé kóńkó kóńkó ni ó pín sí lára ilé ọmọ. Nítorí náà, ẹ̀rí ara eku gbọ́dọ̀ bá ẹ̀rí ara ènìyàn mu kí wọ́n tó gbà á. Ní ti ibà, ti Kẹ́ńyà àti ti eku ń ti ara wọn lẹ́yìn lórí ohun kan: kòkòrò náà ń fi inú ibi-ọmọ ṣe ibùba.

Ó wá ku ti èdè. Iṣẹ́ ìwádìí tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé èdè Yorùbá lè gbé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà lílo èdè abínibí ní ọdún 2022, wọ́n sì kéde ní ọdún 2025 pé àwọn fagi lé e. Ìlànà lè yí padà, ṣùgbọ́n èdè tí aboyún Joju fi ń ronú kò yí padà. Ibi-ọmọ, olóbi, okùn ìwọ́, ọlẹ̀ àti ilé ọmọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àyálò. Wọ́n ti wà kí skáànù tó dé. Ohun tó kù ni kí olùkọ́ kọ́ṣẹ́ mọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe, kí ó má kàn mọ orúkọ wọn nìkan.

Ní àkótán, ó yẹ kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ohun alààyè ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì fìmọ̀ ṣọ̀kan láti ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí oyún ní èdè Yorùbá, kí wọ́n sì rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ lọ bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ ní ibùdó ìlera ní ọjọ́ ìtọ́jú oyún. Àdúrà tí Yorùbá ń gbà fún aboyún ni pé kí a gbóhùn ìyá, kí a gbóhùn ọmọ. Olùkọ́ tó bá lè sọ ohun tó ń lọ láàrin ìyá àti ọmọ ti ṣe ipa tirẹ̀ kí àdúrà náà lè gbà.