Orín Àtà: Iṣẹ́ Rẹ̀ àti Ibi Tí Agbára Rẹ̀ Mọ

Orín àtà ni a ó gbé yẹ̀ wò lóṣù yìí.

Ọjà nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ̀ ọ́n, níbi tí wọ́n ti dì í ní ìdì kéékèèké. Igi ẹlẹ́gùn-ún ni, inú ọ̀dàn àti igbó tí kò kí ni ó sì ń hù sí. Ẹ̀gún wà lára igi náà, ó wà lára ẹ̀ka rẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá fi ọwọ́ ra ewé rẹ̀, a máa ta sánsán bí ewé ọsàn, nítorí pé ìdílé kan náà ni àwọn méjèèjì.

Gbòǹgbò rẹ̀ ni a sábà ń gé ṣe orín. Ó korò, a sì máa ta ahọ́n. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé oje rẹ̀ ń dènà kòkòrò àìfojúrí inú ẹnu. Ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án, kí ẹ run orí rẹ̀ títí yóò fi dàbí búrọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì rọra fi fọ eyín, kí ó má baà bó èrìgì. Ẹ gé ibi tí ẹ ti run dànù. Ẹni méjì kò gbọdọ̀ lo ẹyọ kan. Ọmọdé kò sì gbọdọ̀ dá run ún, kí ó má baà há a lọ́fun.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ eyín nìkan kọ́ ni ó mú kí òkìkí igi yìí kàn. Ní 1971, Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti akẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní Yunifásítì Ìfẹ̀ kéde pé omi gbòǹgbò rẹ̀ a máa dá ẹ̀jẹ̀ tí ó ti tẹ̀ bí dòjé padà sípò. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń sọ pé ó wo àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde sàn. Ẹ ṣọ́ra o! Inú ìgò ìwádìí ni èyí ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe inú ara ọmọ. Bí ibà bá mú ọmọ tí ó ní àrùn náà, ojú ẹsẹ̀ ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe dúró se àgbo.

Bí tọkọtaya bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ jẹ́ SS. Nítorí náà, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí oyún tó dé.

Ẹ jẹ́ kí orín àtà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu, kí dókítà sì ṣe tirẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ó di oṣù tí ń bọ̀.