Ta Ni Yóò Dá Aláìsàn Jẹjẹrẹ Lóhùn?

Bí wọ́n bá fún ènìyàn ní oògùn jẹjẹrẹ tán nílé ìwòsàn, ilé ni wàhálà rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀: èébì, ibà, egbò ẹnu, ìrora tí kì í jẹ́ kó sùn. Nígbà tó bá fi padà dé iwájú dókítà, "A dúpẹ́" ni yóò sọ. Àlàfo yìí ni fóònù lè dí, bí ẹni tí yóò dáhùn bá wà níbẹ̀. Ní ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering ní New York, Ethan Basch àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèwádìí lórí aláìsàn 766 tí jẹjẹrẹ wọn ti tàn kálẹ̀ nínú ara. Àwọn kan ń fi kọ̀ǹpútà ròyìn bí ara ti rí. Àwọn yòókù ń gba ìtọ́jú bí wọ́n ti ń gbà á látẹ̀yìnwá. Nínú èsì tó jáde lọ́dún 2017, ìdajì àwọn tó ń ròyìn ló lò ju oṣù 31 lọ láyé. Ti àwọn yòókù jẹ́ oṣù 26. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kò wo ẹnikẹ́ni. Bí nǹkan bá ti burú sí i, ìkìlọ̀ ń lọ bá nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì ló sì ń wá nǹkan ṣe sí i.

Alátakò lè tọ́ka sí ìwádìí tó tóbi ju èyí lọ, tí Basch kan náà ṣe káàkiri Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ ìkẹyìn fi hàn pé ẹ̀mí kò gùn sí i. Òótọ́ ni, kò sì yẹ ká fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n ara tu àwọn aláìsàn náà díẹ̀ sí i, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó di èrò pàjáwìrì. Lójú tèmi, ìyẹn nìkan tó ohun tí à ń náwó sí. Ìwádìí náà tún fèsì fún ẹni tó ní àwọn ìyá wa kò ní fóònù ńlá: ẹni tó bá wù lè lo ìpè lásán, kó máa tẹ nọ́ńbà láti fi dáhùn. Kí ló dé tí irú ìpè bẹ́ẹ̀ kò fi lè sọ Yorùbá?

Àtakò tó wúwo jù ni ti àwọn nọ́ọ̀sì wa tó ń lọ sókè òkun, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí ènìyàn 128,000 ni wọ́n ṣírò pé jẹjẹrẹ mú ní Nàìjíríà lọ́dún 2022. Ìdí gan-an nìyẹn tó fi yẹ kí nọ́ọ̀sì díẹ̀ tó kù mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ pè láàárọ̀. Nítorí náà, kí ìjọba tó sanwó áàpù kankan, kó san owó oṣù ẹni tí yóò jókòó ti ìkìlọ̀ náà tọ̀sán-tòru, kó sọ ìpè náà di ọ̀fẹ́, kó má sì jẹ́ kí orúkọ àrùn hàn lójú fóònù tí gbogbo ilé jọ ń lò.