Ẹ Dán Aláàtíbàbà Wò Kí Ẹ Tó Fún Un Níwèé Àṣẹ

Ní ìpínlẹ̀ California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fẹ́ di agbaṣẹ́ṣe tó ń kun ilé gbọ́dọ̀ ṣèdánwò nípa iṣẹ́ ọ̀dà kí ìjọba tó fún un níwèé àṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ máa so àtíbàbà onírin tàbí aláṣọ mọ́ ara ilé, èyí tí tọmọdé tàgbà yóò máa jókòó sábẹ́ rẹ̀, kò ní ìdánwò iṣẹ́ kankan láti ṣe. Àjọ tó ń fún àwọn agbaṣẹ́ṣe níwèé àṣẹ níbẹ̀, Contractors State License Board, kó iṣẹ́ àtíbàbà sábẹ́ ìsọ̀rí C-61, ó sì fún un ní àmì D-3. Ìdánwò òfin àti ètò okòwò nìkan ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà ní ìsọ̀rí yìí. Mo ní kò dáa bẹ́ẹ̀. Kí California fi ìdánwò iṣẹ́ kún D-3, nítorí òǹtẹ̀ ìjọba kì í ṣe ohun tí à ń lù sórí ìmọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò.

Kì í ṣe pé ìwé àṣẹ náà rọrùn láti gbà. Ẹni tó ń wá a gbọ́dọ̀ ti lo ọdún 4 nídìí iṣẹ́ láàárín ọdún 10 tó kọjá, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n nídìí iṣẹ́ sì fọwọ́ sí i. Yóò tẹ̀ka, yóò san dọ́là 450 fún ìforúkọsílẹ̀, yóò sì wá ìwé oníduùró tó jẹ́ dọ́là 25,000, èyí tó jẹ́ 15,000 kí ọdún 2023 tó wọlé. Òfin tún le lẹ́yìn ìyẹn. Nínú iṣẹ́ àtúnṣe ilé, agbaṣẹ́ṣe kò gbọ́dọ̀ gba àsansílẹ̀ tó ju ìdá 10 nínú 100 owó iṣẹ́ tàbí 1,000 dọ́là lọ, èyí tó bá kéré jù níbẹ̀. Ẹni tó ṣiṣẹ́ tó yẹ kó gbàwé àṣẹ fún láìgbà á kò lè pe oníbàárà lẹ́jọ́ nítorí owó iṣẹ́, oníbàárà gan-an sì lè gba èyí tó ti san padà. Òfin rere ni gbogbo wọn. Àmọ́ ẹ wò wọ́n dáadáa: owó ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ń ṣọ́, ohun tí a óò ṣe bí nǹkan bá ti bàjẹ́ tán ló sì jẹ wọ́n lógún. Kò sí èyí tó bi aláàtíbàbà pé ibo ló máa ń fi bóòtù tó so àtíbàbà mọ́ ògiri sí.

Ibi tí bóòtù wọlé sí sì ni ẹ̀mí àtíbàbà wà. Àtíbàbà ẹ̀yìn ilé sábà máa ń fi ẹ̀gbẹ́ kan dúró lórí òpó, a ó sì kan ẹ̀gbẹ́ kejì mọ́ pákó tó wà lára ògiri. Ọ̀pọ̀ ilé California, igi ni egungun ògiri wọn, símẹ́ǹtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ lóde. Bí bóòtù bá gba inú símẹ́ǹtì kọjá tó sì wọnú igi, ó dì í mú. Bó bá jẹ́ símẹ́ǹtì nìkan ló gbá mú, iṣẹ́ náà yóò rẹwà lójú onílé lọ́jọ́ tó bá sanwó, títí ìjì Santa Ana yóò fi fẹ́ wá láti aṣálẹ̀. Atẹ́gùn kì í kàn tẹ òrùlé mọ́lẹ̀, ó máa ń wọ abẹ́ rẹ̀, á sì fẹ́ gbé e sókè. Omi náà ní tirẹ̀: bí kò bá sí páànù tó ń darí òjò kúrò lẹ́yìn pákó náà, omi yóò rá wọnú ògiri, igi yóò sì máa jẹrà níbi tí ojú kò tó. Gbogbo èyí ló ṣeé fi ṣe ìbéèrè ìdánwò.

Àwọn kan yóò ní ọdún 4 nídìí iṣẹ́ ti tó ẹ̀rí. Ọdún ń sọ bí èèyàn ṣe pẹ́ tó nídìí nǹkan, kò sọ ohun tó kọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣàṣìṣe kan náà fún ọdún 4 ti pé ọdún 4. Àwọn mìíràn yóò ní wolé-wolé ìjọba yóò yẹ iṣẹ́ náà wò. Wolé-wolé kì í wá síbi tí wọn kò ti gbàwé ìkọ́lé, agbaṣẹ́ṣe tí kò mọ̀ pé iṣẹ́ òun nílò rẹ̀ kò sì ní gbà á. Bó bá tilẹ̀ dé, orí bóòtù ló máa rí, kò ní rí ohun tí ẹnu bóòtù gbá mú. Òótọ́ ni pé ìdánwò orí ìwé kò lè fi bí ọwọ́ ṣe já fáfá hàn. Ṣùgbọ́n ó lè dá ẹni tí kò mọ̀ pé ògiri ní egungun dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹn sì ju òfo lọ.

Àtakò tó lágbára jù wá láti ìpínlẹ̀ Florida. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 2021 kọ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀ láti máa béèrè ìwé àṣẹ fún síso àtíbàbà aláṣọ, wọ́n kà á mọ́ ọ̀dà kíkùn àti fífi ẹ̀rọ omi fọ ilé. Àwọn tó fara mọ́ ọn ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń ti ilẹ̀kùn mọ́ tálákà àti àjèjì. Mo gbà pé ilẹ̀kùn náà wúwo, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdánwò ló mú un wúwo. Ọdún 4 lábẹ́ ọ̀gá ló mú un wúwo, pàápàá fún ẹni tí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ wà lẹ́yìn odi, tí kò sí nítòsí láti fọwọ́ síwèé. Nítorí náà, kí California dín ọdún 4 kù sí 2 fún ẹnikẹ́ni tó bá yege ìdánwò iṣẹ́. Ẹni tó mọṣẹ́ yóò tètè wọlé, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò lọ kọ́ ọ sí i. Bí àjọ náà kò bá fẹ́ ṣe èyí, kí ó jẹ́wọ́ fún àwọn onílé pé D-3 kò ju ẹ̀rí pé agbaṣẹ́ṣe mọ òfin, ó sì ní oníduùró.