Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn Nínú Oyún: Ẹ Jẹ́ Kí Nọ́ọ̀sì Gbọ́

Ẹ̀yin ìyá wa, bí ẹ bá dé ilé ìtọ́jú aboyún, a ó wọn ìwúwo yín, a ó wo bí ẹ̀jẹ̀ yín ti ń ru, a ó sì yẹ ìtọ̀ yín wò. Díẹ̀ nínú àwa òṣìṣẹ́ ìlera ni ó máa ń béèrè bí ọkàn yín ti rí. Lójú tèmi, àléébù ńlá ni èyí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú aboyún 100, nǹkan bí 10 ni àìsàn ọkàn, pàápàá ìrẹ̀wẹ̀sì, ń bá fínra.

Bí ìbànújẹ́ bá lo ọ̀sẹ̀ méjì tí kò lọ, tí ẹ kò rí oorun sùn, tí oúnjẹ kò lọ ní ọ̀fun, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Àìsàn ni, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àìnígbàgbọ́. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ọmọ lè wáyé kí oṣù tó pé, tàbí kí ó kéré ju bí ó ti yẹ lọ.

Ẹ̀yin ọkọ àti ìyá ọkọ, “Ṣé ìwọ ni ó kọ́kọ́ lóyún ni?” ni ó ń pa aboyún lẹ́nu mọ́. Ẹ bá a pọn omi, ẹ sì sìn ín dé ilé ìwòsàn. Ìmọ̀ràn nìkan a máa tó fún ẹlòmíràn. Bí ó bá di ti oògùn, dókítà ni yóò yan èyí tí ó yẹ aboyún. Ẹni tí ó sì ti ń lo oògùn tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀. Bí èrò àtipa ara ẹni bá wá sí ọkàn, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ.