Ọ̀gá Oníṣọ́ọ̀bù Ni Kí Wọ́n Gbé Owó Náà Fún

Lọ́dún 2020, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí dọ́là mílíọ̀nù 200 fún Nàìjíríà láti fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀pọ̀ ń pè é ní ìrànwọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó ni. Àwọn ọmọ wa ni yóò san án. Bí kíkùn ilé-ẹ̀kọ́ lọ́dà àti ìpàdé hòtẹ́ẹ̀lì bá jẹ irú owó bẹ́ẹ̀ tán, gbèsè lásán la jẹ. Ẹ wo Èkó: ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́lé ló ń wá ará Tógò àti Kútọnu láti bá wọn to táìlì, tí ọmọ wa tó ní sátífíkéètì ń wòran. Lójú tèmi, ọ̀gá tó ní ṣọ́ọ̀bù ló yẹ kí wọ́n san owó fún, kó sì jẹ́ lẹ́yìn tí ọmọ iṣẹ́ bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ tó yanjú. Láti 1971 náà la ti dá ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún kíkọ́ni níṣẹ́, sílẹ̀, èyí tó ń gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tí òfin kàn. Kí ìjọba tó tún tẹ́wọ́ sókè òkun, kó kọ́kọ́ sọ ohun tí owó ilé ṣe.