Ẹ Jẹ́ Ká Da Ìpápánu Wa Pọ̀

Nínú ìpàdé tó kọjá, wọ́n ní kí gbogbo wa lọ ronú lórí ohun tí a máa jẹ níbi àpèjẹ ìbẹ̀rẹ̀ táàmù tó ń bọ̀. Àwọn kan ní ká dáwó, ká ra páálí bísíkíìtì. Àwọn mìíràn ní kí oníkálukú mú tirẹ̀ wá, kó jẹ ẹ́ níbẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Èrò tèmi ni pé ká ṣe ìpápánu aláta láti ilé, ká dà á pọ̀ sínú abọ́ ńlá kan ṣoṣo, kí gbogbo wa sì jọ bù níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó ní ata ló ń wù mí jẹ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ òótọ́ nípa họ́sítẹ́ẹ̀lì. Lọ́jọ́ tí a bá wọlé, tí oníkálukú ń ṣí àpótí rẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni gbogbo yàrá ti máa ń mọ ẹni tí wọ́n ra provision rẹpẹtẹ fún àti ẹni tí kò mú ju gàrí àti ṣúgà bọ̀. Kò sẹ́ni tó máa fẹnu sọ ọ́, ṣùgbọ́n ojú ti rí i. Ẹni tó ní á tì í mọ́ lọ́kà. Tí iná bá ti kú lálẹ́, á wọ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì lọ máa jẹ ẹ́, gbogbo wa á sì máa gbọ́ bí ọ̀rá bísíkíìtì ṣe ń dún. Ẹni tí kò ní á ṣe bí ẹni tó ti sùn. Ní ọjọ́ àbẹ̀wò ńkọ́? Òkè Ọya la wà níbí. Ẹni tí òbí rẹ̀ wà ní Àkúrẹ́ tàbí Ìbàdàn mọ̀ pé ọ̀nà jìn, owó ọkọ̀ sì ti gbówó lórí. Kì í ṣe gbogbo wa ni ẹnikẹ́ni ń wá wò.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjọjẹ ò dùn bí ẹnì kan ò ní. Mo ti ro òwe yìí dáadáa. Kò sọ pé kí ẹni tó ní máa bù fún ẹni tí kò ní. Àjọjẹ ló ń sọ, ó sì ní kí adùn rẹ̀ tó pé, kí gbogbo ẹni tó jókòó ti abọ́ ní nǹkan níbẹ̀. Bí mo bá fún ọ ní bísíkíìtì mi, o máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Lọ́la o tún lè dúpẹ́. Bó bá di ọjọ́ kẹta, ó ti ń tì ọ́ lójú láti wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, èmi náà sì ti ń rò pé mo ju ọ́ lọ. Ìyẹn kì í ṣe àjọjẹ mọ́.

Bísíkíìtì ò lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí, torí orúkọ àti owó rẹ̀ wà lára ọ̀rá rẹ̀. Gbogbo èèyàn ló mọ èyí tó wọ́n àti èyí tí kò wọ́n. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá mú ife ẹ̀pà kan wá, tí ẹlòmíràn mú àgbọn, tí ẹlòmíràn mú kókóró, tí ẹnì kan sì mú yàjì nìkan wá nínú ọ̀rá kékeré, tí a bá ti ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ta ló máa wá fi ọwọ́ tọ́ka sí èyí tó jẹ́ tiwọn? Ẹni tó mú yàjì wá gan-an, gbogbo abọ́ ni tirẹ̀ wà. Láìsí tirẹ̀, kò sí adùn níbẹ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ àdàlù nìyẹn. Kì í ṣe àdàlù ẹ̀wà àti àgbàdo ni mò ń sọ o!

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é nílé wa, kí ẹ lè rí i pé kò le. A máa ń lo ife 4 ẹ̀pà tí a ti ṣà, àti ife 2 àgbọn tí a gé ní tẹ́ẹ́rẹ́. A ó po funfun ẹyin 2 títí yóò fi máa hó, a ó dà á sórí wọn, a ó sì rò ó. Funfun ẹyin yìí ló máa mú kí ata lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀pà. Tí a kò bá lò ó, gbogbo ata á jókòó sí ìsàlẹ̀ abọ́, ẹni tó bá bù kẹ́yìn ló máa jìyà. Lẹ́yìn náà ni a ó da ṣíbí kékeré 2 ata gbígbẹ gígún, ṣíbí kékeré 1 atalẹ̀ gígún, ṣíbí kékeré 1 iyọ̀ àti ṣíbí ńlá 1 yàjì sí i. Ẹ má fi ọwọ́ tí ẹ fi ro ata kan ojú o.

A ó tẹ́ ẹ sórí àwo pẹrẹsẹ, kó má gun orí ara wọn, a ó sì gbé e sínú oven ní ìwọ̀n 150 °C fún bíi ìṣẹ́jú 40. Ní ìṣẹ́jú 10, 10, a ó máa rò ó kí apá kan má baà jóná. Ilé tí kò bá ní oven, ẹ má bọkàn jẹ́. Ẹ da iyanrìn gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò irin ńlá, ẹ gbé òkúta mẹ́ta lé e, ẹ gbé àwo ẹ̀pà lé orí òkúta, ẹ dé e, kí iná sì jẹ́ jẹ́jẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ yan kéèkì. Kí àgbàlagbà kan wà nítòsí ṣá. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti jinná, ẹ mú ẹyọ kan jáde kó tutù kí ẹ tó jẹ ẹ́, torí ẹ̀pà gbígbóná máa ń rọ̀ lẹ́nu. Ìgbà tó bá tutù ló ń le. Kókóró tí a ti ṣẹ́ wẹ́wẹ́ àti ìpékeré kò nílò iná mọ́. Ìgbà tí ẹ̀pà bá tutù tán la máa dà wọ́n sí i. Ẹ má sì dé e nígbà tó ṣì ń gbóná, oru rẹ̀ á di omi, gbogbo rẹ̀ á sì rọ̀ pẹ̀tẹ̀.

Àwọn kan máa béèrè pé, ata ṣe? Ṣé kò lè jẹ́ oníṣúgà ni? Ẹ̀mí tí ò jata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìdí tèmi ni pé ohun tó dùn bíi ṣúgà, ìkúnwọ́ ìkúnwọ́ la fi ń bù ú. Ohun tó ta, díẹ̀díẹ̀ la ń jẹ ẹ́. A jẹ, a mí, a fi ẹni tí imú rẹ̀ ń ṣomi rẹ́rìn-ín, a tún jẹ. Abọ́ kan á tó ọ̀pọ̀ èèyàn, a ó sì pẹ́ níbẹ̀, a ó máa sọ̀rọ̀. Tó bá ta yín jù, ẹ má sáré lọ síbi omi. Ohun tó ń mú kí ata ta kì í yòrò nínú omi, inú ọ̀rá ló ti ń yòrò. Ìdí nìyẹn tí mílíìkì fi ń rọ̀ ọ́ ju omi lọ. Àwọn àbúrò wa ní JSS1 tí kò lè jẹ ata, ká ya abọ́ kékeré kan sọ́tọ̀ fún wọn tí a kò fi ata sí.

Mo tún ti gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé ẹgbẹ́ Yorùbá la wà, kí ni a fẹ́ fi yàjì ará òkè Ọya ṣe níbẹ̀. Ó dáa. Kókóró wá láti Ìpínlẹ̀ Ògùn, àgbọn pọ̀ ní Àgbádárìgì. Ṣùgbọ́n ẹ̀pà, àgbàdo àti ata fúnra wọn ńkọ́? Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 1492 tí Columbus dé ọ̀hún ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn sọdá wá. Kí ata yìí tó dé, ataare àti iyèré ló ń ta lẹ́nu àwọn baba ńlá wa. Síbẹ̀ àwọn ìyá wa gba àgbàdo, wọ́n yan án, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n fi epo pupa, ata àti iyọ̀ sí i, ó di ààdùn. Lónìí ta ló máa sọ pé ààdùn kì í ṣe oúnjẹ Yorùbá? Bí àwọn ìyá wa ò bá kọ ohun tó ti òkun wá, kí ló dé tí àwa máa kọ ohun tó wà lọ́jà tó sún mọ́ wa jù?

Ohun kan wà tí mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ wa àti máàtìrọ́nì máa sọ, òótọ́ sì ni wọ́n máa sọ: oúnjẹ láti ilé lè fa àìsàn. Ẹ̀rù yẹn ló ń mú kí àwọn àgbà fẹ́ bísíkíìtì inú ọ̀rá. Èmi ò ní ká fojú fo ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀pà tó bá ti bu, tó dúdú tàbí tó rún, ká ṣà á dànù, ká má fi owó ṣe. Àwọn èébu kan wà tó ń bá ẹ̀pà jà, wọ́n máa ń fi májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin sínú rẹ̀. Májèlé yìí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, yíyan lásán ò sì lè pa á tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ “ẹ̀pà tí a ti ṣà” lókè.

Èyí tó kù ṣe pàtàkì jùlọ. Ara àwọn kan kò gba ẹ̀pà rárá. Bí wọ́n bá jẹ díẹ̀ lásán, ojú wọn lè wú, èémí wọn lè há, ó sì lè pa èèyàn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò kàn lè ṣa ẹ̀pà kúrò nínú abọ́ kó jẹ ìyókù. Ẹ rántí pé kúlíkúlí wà nínú yàjì, ẹ̀pà sì ni wọ́n fi ṣe kúlíkúlí. Nítorí náà ká béèrè lọ́wọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ṣáájú ọjọ́ náà. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá wà tí ara rẹ̀ kò gbà á, ká yọ ẹ̀pà àti yàjì kúrò nínú àdàlù pátápátá, ká fi àgbọn, kókóró, ìpékeré, ata àti atalẹ̀ ṣe é. Ẹ má ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ nítorí ẹ̀pà. Ata tó ta jù sábà máa ń mú ni sunkún ni, ẹ̀pà lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá sì ní kí ẹnì kan lọ dá jókòó síbi kan, a ti ba ohun tí a torí ẹ̀ kóra jọ jẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí kò pọ̀. Èkíní, kí àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ kọ orúkọ àwọn nǹkan tí a nílò, kí oníkálukú mú ọ̀kan tí agbára ilé rẹ̀ bá ká, ìbáà ṣe ọ̀rá atalẹ̀ kan. Èkejì, kí ohun gbogbo gbẹ dáadáa, kó wà nínú ike tó ní ìdérí, kí a kó o fún olùkọ́ wa lọ́jọ́ tí a bá wọlé, kó má wọ họ́sítẹ́ẹ̀lì rárá. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n gbà wá láyè ní yàrá ìdáná Home Economics, kí olùkọ́ yẹ gbogbo rẹ̀ wò, kí a sì dà á pọ̀ níbẹ̀, lójú gbogbo wa. Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n má ṣe ka orúkọ ẹni tó mú nǹkan wá àti ohun tó mú wá síta. Èyí ni mi ò ní gbà kí wọ́n yọ kúrò.

Tí ẹ bá fẹ́ràn bísíkíìtì, kò burú, ẹ máa jẹ ẹ́ ní ọjọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú táàmù, mo fẹ́ kí ẹni tí kò rí ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ àbẹ̀wò na ọwọ́ sínú abọ́ kan náà pẹ̀lú ẹni tí lọ́kà rẹ̀ kún dẹ́nu, kí ó má sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìpàdé wa tó ń bọ̀ la máa dìbò. Ẹ dákun, ẹ nawọ́ sókè fún àdàlù.